Ilé Onílé Ni Mo Kó Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Mi Sí

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yìn ni mo wò lọ́sẹ̀ yìí, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, a jẹ́ pé ìṣubú mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ímeèlì ni o. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni, kí ó wá ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹni tí ilé ìfowópamọ́ ń fi ìwé ránṣẹ́ sí, ẹni tí ó ní ọmọ ní iléèwé gíga, ẹni tí ó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ náà ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó fún àwọn oníṣòwò. Dádì ni ó ń pè mí, nítorí pé bàbá tí ó bí i kò sí láyé mọ́.

"Dádì, ẹ kú alẹ́ sà. Wọ́n ti fún mi ní kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Outlook ni wọ́n fi ń gba lẹ́tà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí Gmail tèmi náà máa wọlé síbẹ̀, kí n má baà máa ṣí ibi méjì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni mo ṣe máa ṣe é?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kàwé jù mí lọ, èmi ni o wá ń bi léèrè?"

"Ẹ̀yin ni ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì tipẹ́ sà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un. Mo ní kí ó ṣọ́ra, kí ó má ṣe da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè ohun tí n kò retí.

"Dádì, àwọn lẹ́tà tí Dádì mi máa ń kọ sí yín láti London, tí ẹ máa ń kà fún wa nígbà náà, ṣé ẹ ṣì ní wọn? Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà wọ́n."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi. Mo ní, "N kò ní wọn mọ́." Ó ní, "Kò burú sà." Kò burú tí ó wí yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2006, iléeṣẹ́ kan gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní àdírẹ́sì ímeèlì tí orúkọ mi wà níwájú, tí orúkọ iléeṣẹ́ náà wà lẹ́yìn. Inú mi dùn sí i bí ẹni tí a fi joyè. Mo tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, mo fún gbogbo ẹni tí ó béèrè. Òun ni mo fún ilé ìfowópamọ́, òun ni mo fún iléèwé àwọn ọmọ mi, òun náà ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí London lọ́dún náà gan-an láti lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ̀wé sí mi. Lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe gbólóhùn méjì. Yóò sọ bí òtútù ṣe rí, yóò sọ iṣẹ́ òru tí ó ń ṣe, yóò sọ oúnjẹ tí ó jẹ àti iye tí ó rà á. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, yóò kọ ìpínrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ rẹ̀, yóò ní, "Ka eléyìí fún Àbẹ̀kẹ́." Bí mo bá lọ sí Ìbàdàn, n óò ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí mo gbé dání, n óò kà á fún un. Ọdún 7 ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tẹ ẹyọ kan sórí ìwé. N kò da ẹyọ kan sí ibòmíràn. Mo rò pé àpótí mi ni ó wà.

Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ara mi kò sì gbà á mọ́. Mo kọ ìwé pé mo fẹ́ lọ. Òwúrọ̀ ni mo fún ọ̀gá ní ìwé náà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù mi, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ mí rí. Mo lọ bá ọmọkùnrin tí ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kó lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Ọmọ náà kò rí mi fín. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Àpótí yẹn kì í ṣe tiyín, ti iléeṣẹ́ ni." Òótọ́ ni ó sọ. Mo jáde. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀gbọ́n mi ṣáà wà láàyè, yóò tún kọ òmíràn.

Ní ọdún 2015, ẹ̀gbọ́n mi papòdà ní London. Àpótí ímeèlì tirẹ̀, tí ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà ì bá wà, kò sí ẹni tí ó mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú gbogbo ilé. Nígbà tí a fi máa rántí láti wá ọ̀nà sí i, wọ́n ti pa á rẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i fún ìgbà pípẹ́. Bí okùn ṣe já lọ́tùn-ún nìyẹn, tí ó tún já lósì. N kò dárúkọ iléeṣẹ́ tí mo wí, nítorí pé wọn kò jí nǹkan mi. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé ẹrù mi wọ ilé wọn.

Àwọn àgbà nínú yín yóò rántí ayé ìgbà tí lẹ́tà ń ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ó ní àpótí tirẹ̀ ní pósófíìsì. Ẹni tí kò ní, àpótí iléèwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń bá a kọ ọ́ sí: orúkọ ọ̀gá iléèwé ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀, wọn yóò ní kí lẹ́tà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gbé tíṣà kúrò ní Ìkìrun lọ sí Òkèihò, lẹ́tà tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un. Kí ìwé tó dé rárá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Wọ́n lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sọ pé ọkàn òun fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n ìkọ̀ tí ó gbé àrokò dání kò gbọdọ̀ tú u wò. Àṣẹ yẹn ni kò sí nínú àpótí ọ́fíìsì. Ìkọ̀ ni ó ni àpò, òun ni ó ni okùn, ó sì lè tú u nígbà tí ó bá wù ú.

Ẹ wo àmì kékeré tí ó máa ń wà láàrin àdírẹ́sì ímeèlì, èyí tí ó dà bí lẹ́tà a tí a ká ìrù mọ́ lára. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ray Tomlinson ni ó yàn án ní ọdún 1971, nígbà tí ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra. Ó fẹ́ àmì tí yóò pààlà sáàrin orúkọ ènìyàn àti orúkọ kọ̀ǹpútà tí ènìyàn náà ń gbé. Bí a bá fi Yorùbá kà á, ohun tí ó ń wí ni pé "Lágbájá ní ilé Tàmẹ̀dò." Lágbájá ni ìwọ. Tàmẹ̀dò ni onílé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ni àpótí tí ẹ ń lò, ẹ má ṣe wo iwájú àmì náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ rí wàhálà yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1995, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan, Sabeer Bhatia àti Jack Smith, ń bá ẹni ẹlẹ́ni ṣiṣẹ́ ní California. Wọ́n ń gbèrò láti dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọn kò sì lè sọ ọ́ lórí ímeèlì ọ̀gá wọn. Odi ààbò tí iléeṣẹ́ náà mọ yí kọ̀ǹpútà wọn ká kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà dé àpótí ti ara wọn láti ibi iṣẹ́. Inú ìnira yẹn ni èrò ti wá, pé kí àpótí lẹ́tà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ènìyàn lè ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí láyé. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Hotmail, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní oṣù Keje ọdún 1996. Kí ọdún 1997 tó parí, Microsoft ti rà á. Google gbé Gmail jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2004. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa, àní èmi gan-an, tún máa fi àpótí ọ̀gá ṣe àpótí ilé. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ó sì fi ṣí i. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Régírégí ni ohun ẹni ń bá ni í mu.

Ibi tí ìdẹkùn tún wà ni pé Microsoft yìí kan náà gbé Outlook jáde ní ọdún 1997 fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Lẹ́tà wà nínú rẹ̀, kàlẹ́ńdà ìpàdé wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀. Ó tún lè gba àpótí méjì, mẹ́ta, láti ọ̀dọ̀ onílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kó gbogbo wọn sójú fèrèsé kan. Ohun tí ọmọ wa ń béèrè nìyẹn. Ó rọrùn, ó sì dùn ún lò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó ni fèrèsé náà?

Bogdan Bărbulescu mọ ìdáhùn rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ní ìlú Bucharest, ní orílẹ̀-èdè Ròmáníà, ẹ̀ka ọjà títà ni ó sì ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó ṣí àkáǹtì Yahoo Messenger láti máa fi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ní oṣù Keje ọdún 2007, wọ́n pè é, wọ́n ní ó ń fi àkáǹtì náà sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó ní rárá o, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni. Ni wọ́n bá kó ìwé olójú ewé 45 síwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó bá àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ ni ó wà níbẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í sọ níta. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ. Àwọn ilé ẹjọ́ Ròmáníà dá a lẹ́bi. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Strasbourg; àwọn náà kọ́kọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Ìgbà tí ó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ìgbìmọ̀ àgbà ilé ẹjọ́ náà, àwọn adájọ́ 11 sí 6, sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, nítorí pé àwọn ilé ẹjọ́ Ròmáníà kò wádìí bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún un ṣáájú pé wọn yóò máa ka ohun tí ó bá kọ.

Ọdún 10 ni ọkùnrin yìí fi wá àre. Ẹ sì kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ kò sọ pé kí agbanisíṣẹ́ má ṣe wo ohun tí ń lọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ó kìlọ̀ ṣáájú, kí ó ní ìdí, kí ó má sì ṣe àṣejù. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́, tí ẹ fọwọ́ sí láìkà, ẹ lọ wá a kí ẹ kà á. Bóyá ìkìlọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn kan yóò ní, ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn yóò kúkú máa fi àpótí ti ara àwọn ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìyẹn náà kò sunwọ̀n. Hillary Clinton jẹ́ Akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2009 di 2013. Àdírẹ́sì tirẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ni ó fi ń kọ̀wé ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ó di ìwádìí. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ní kò sí ẹjọ́ tí a lè tìtorí rẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n ó sọ pé àìbìkítà rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ọ̀rọ̀ ímeèlì yìí kò fi í sílẹ̀ títí ìbò ààrẹ ọdún náà fi wáyé, tí ó sì fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní: ẹrù ọ̀gá kò gbọdọ̀ wọ ilé ọmọọṣẹ́, ẹrù ọmọọṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ sùn sí ilé ọ̀gá.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni àwọn mìíràn nínú yín ń ṣe. Kọ̀ǹpútà tiyín ni, Outlook tí ẹ fi owó yín rà ni, ẹ sì fẹ́ kí ìwé ìsanwó oníbàárà àti lẹ́tà ilé wà níbì kan. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ní orí Outlook ti àtijọ́, ẹ tẹ File ní òkè lápá òsì, ẹ tẹ Add Account, ẹ kọ àdírẹ́sì Gmail yín sí àyè tí ó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Connect. Ní orí Outlook tuntun, ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Accounts, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Add Account. Google fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ojú ewé tirẹ̀ síwájú yín, tí yóò béèrè páásíwọ́ọ̀dù, tí yóò sì béèrè bóyá ẹ gbà kí Outlook máa wọ àpótí yín. Ojú ewé Google yẹn nìkan ni kí ẹ ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù Gmail yín.

Láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google kò ti gbà mọ́ kí ètò orí kọ̀ǹpútà kan ṣàdédé fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù gidi wọ àpótí ènìyàn. Bí Outlook yín bá ti gbó tí kò mọ ojú ewé Google, ẹ kọ́kọ́ mú ìdánimọ̀ ìpele méjì ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì yín, lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí Google ṣe App Password fún yín. Lẹ́tà 16 ni, ètò kan ṣoṣo ni yóò sì wà fún. Ọjọ́ tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ lè fagi lé e láìyí páásíwọ́ọ̀dù gidi padà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kọbi ara sí. Ọ̀nà méjì ni Outlook lè gbà kó lẹ́tà: IMAP àti POP. IMAP dà bí ẹni tí ó ń ka ìwé láti ojú fèrèsé: ìwé náà wà nílé Google, ẹ̀dà ni ẹ ń rí, ohun tí ẹ bá sì ṣe lórí fóònù ni ẹ ó bá lórí kọ̀ǹpútà. POP dà bí ẹni tí ó lọ kó lẹ́tà nínú àpótí pósófíìsì wá sílé. Bí a bá ṣètò rẹ̀ pé kí ó má fi ẹ̀dà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà náà nìkan ni lẹ́tà yóò kù sí. Bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá wá jẹ́ ti iléeṣẹ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé lẹ́tà yín lé ọ̀gá lọ́wọ́. IMAP ni kí ẹ yàn. Outlook tuntun náà ní ìṣe tirẹ̀: bí ẹ bá so Gmail mọ́ ọn, yóò da ẹ̀dà lẹ́tà yín sí ọ̀dọ̀ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò sọ fún yín kí ó tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ń ka ohun tí ó wà lókè bọ́tìnnì?

Bí àpótí méjì bá ti wà lójú fèrèsé kan, ẹ máa wo ìlà From kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ orúkọ tí lẹ́tà náà fi ń jáde. Ẹni tí ó fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì wá iṣẹ́ síbòmíràn ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá pé òun ń lọ. Ẹ wọ Account Settings, kí ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́ kí ó máa jáde lójoojúmọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ràn mi: ẹ má so tiyín mọ́ ọn rárá. Ibi iṣẹ́ mìíràn ti dí ọ̀nà náà pa, kí ẹ má sì wá ọgbọ́n àrékérekè láti ṣí i.

Fóònù náà ńkọ́? Ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Bí ẹ bá so ímeèlì ọ́fíìsì mọ́ fóònù tiyín, ó lè béèrè pé kí ẹ fún iléeṣẹ́ ní àṣẹ lórí fóònù náà. Níbi tí a bá ti fún wọn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù tàbí lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán ìkómọjáde lè bá a lọ. Ẹ ka ohun tí ẹ ń gbà kí ẹ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe, ẹ kò tíì pẹ́ jù níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣì ṣí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì sí: ilé ìfowópamọ́, àwọn tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, iléèwé ọmọ, ìwé ilẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ jọ jáde níléèwé. Ẹ yí i padà sí tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìfowópamọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì tí wọ́n bá mọ̀ ni wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà ẹbí tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ sí àpótí tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má kó ìwé iṣẹ́ mọ́ ọn. Olè ni ìyẹn. Òótọ́ ni pé Nàìjíríà ti ní òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń tọ́jú nípa rẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò sọ àpótí ọ̀gá di tiyín. Ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú kò nílò lọ́yà.

Àpótí tiyín náà sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí pa àkáǹtì tí olówó rẹ̀ kò bá lò fún ọdún 2 rẹ́. Ẹ máa wọ ibẹ̀ lóòrèkóòrè. Láti ọdún 2013 ni wọ́n sì ti ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Inactive Account Manager, níbi tí ẹ ti lè dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó gba ohun tí ó wà nínú àpótí yín bí ẹ bá dákẹ́ fún iye oṣù kan. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ikú ni, ẹ kò fẹ́ gbọ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ṣe é ni, ọmọ rẹ̀ ì bá ti máa ka lẹ́tà rẹ̀ báyìí.

Mo pe ọmọ náà padà ní ọjọ́ kejì. Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 fún un láìfi ohunkóhun pa mọ́. Ó gbọ́, ó ní, "Ó yé mi sà." Ó ti pinnu: Outlook ọ́fíìsì yóò jẹ́ ti ọ́fíìsì, Gmail rẹ̀ yóò wà lórí fóònù tirẹ̀. Ó wá ní kí n kọ èyí tí mo bá rántí nínú lẹ́tà bàbá òun ránṣẹ́ sí òun, kì báà ṣe gbólóhùn kan.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rántí ni lẹ́tà tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rí iṣu rà ní Peckham. Ó ní iye tí wọ́n tà á fún òun, òun kò ní sọ ọ́ kí ìyá wa má baà sunkún. Ó ní òun sè é lóru lẹ́yìn iṣẹ́, òun fi epo pupa jẹ ẹ́ ní ìdúró nínú kíṣìnì, ti òun ti kóòtù òtútù lọ́rùn. Ó ní, "Ka eléyìí fún Àbẹ̀kẹ́, kí ó mọ̀ pé bàbá òun yó." Àdírẹ́sì tèmi ni mo fi kọ ọ́, sí àdírẹ́sì tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan láàrin wa.

Títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí ó jẹ́ tiwa di àwátì.